Ẹ Jẹun Kí Oòrùn Tó Wọ̀: Oúnjẹ Ìrọ̀lẹ́ Lórí Ọ̀sà Èkó

Ní ọdún kan, nínú oṣù Kọkànlá, àwa méjìdínlógún ni wọ́n pè síbi ọjọ́ ìbí lórí omi. Aṣọ funfun ni wọ́n ní ká wọ̀. Ìwé ìpè sọ pé aago márùn-ún ni ọkọ̀ yóò gbéra, pé a ó máa jẹun bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Nígbà tí aago márùn-ún lù, èmi àti ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà nìkan ló wà ní èbúté. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ dé. A gbéra ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, ṣíbí tí a ó fi bu ìrẹsì ni gbogbo wa ń wá nísàlẹ̀ àpò. Inú òkùnkùn la ti jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù náà, atukọ̀ sì ń kánjú pa dà, nítorí kò yẹ kó ṣì wà lórí omi ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni orí ìwé yìí dá lé. Ní Èkó, oúnjẹ ló ń ṣáájú, oòrùn tẹ̀ lé e, èbúté ló sì ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá da ètò yìí rú, yálà kó pàdánù oòrùn, tàbí kó rìn lóru lórí omi. Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì.

Ohun tí ẹ ń sanwó fún

Ìgbafẹ́ yìí kì í ṣe ìrìnàjò. Èbúté tí ẹ ti gbéra lẹ ó pa dà sí, láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Atẹ́gùn lẹ ń rà, àti oúnjẹ, orin, ẹlẹgbẹ́ rere, pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì wákàtí tí ojú ọ̀run fi ń pàwọ̀ dà. Ó bá ẹni tó wá lo ìsinmi sí etíkun mu gan-an: ẹni tó ti wà lórí iyanrìn ní Tarkwa Bay láti àárọ̀, ẹni tó gba ilé etíkun sí Ìlàṣẹ, tàbí ẹni tó ti London dé fún Kérésìmesì tó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí Èkó láti ojú ibi tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tà á. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ ra àyè ìjókòó láàárín àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí. Ìkejì ni kí ẹ háyà ọkọ̀ odindi fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ kò bá tó mẹ́jọ, ẹ ra àyè. Bí ẹ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ háyà ọkọ̀, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa pàṣẹ aago. Gbogbo ohun tó kù lórí ọkọ̀ ṣeé yá, ṣeé rà. Aago nìkan ni kò ṣeé rà.

Ẹ mọ ìgbà tí oòrùn ń wọ̀

Èkó kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà àsìkò tí oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí pa dà. Láàárín èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù lọ́dún, bí ogójì ìṣẹ́jú ló wà. Ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú tó láti ba ìrọ̀lẹ́ jẹ́. Ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

- Àárín oṣù Kejì: bí aago 6:58
- Àárín oṣù Kẹrin: bí aago 6:54
- Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje: bí aago 7:06, èyí tó pẹ́ jù lọ
- Ìparí oṣù Kẹsàn-án: bí aago 6:38
- Ìbẹ̀rẹ̀ sí àárín oṣù Kọkànlá: bí aago 6:26, èyí tó yá jù lọ
- Ọjọ́ Kérésìmesì: bí aago 6:38

Fóònù yín yóò sọ ti ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má sì gbàgbé pé ìrọ̀lẹ́ tiwa kì í rọra lọ. Àwọn tó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń fà nílẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ní Èkó, bí ogún ìṣẹ́jú péré lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú tán.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gba ojú ọ̀run. Oòrùn á pọ́n bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́bu, ṣùgbọ́n á pòórá sínú eruku kó tó dé ilẹ̀ rárá. Nítorí náà, ní àkókò yẹn, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣíwájú aago tí fóònù bá sọ. Oṣù Kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù, ó sì tún ń pa dà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ìrọ̀lẹ́ tí òjò ọ̀sán ti fọ ojú ọ̀run mọ́ máa ń rẹwà ju ti ọyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run dúdú sí ìlà oòrùn tàbí tí àrá ń sán, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ọkọ̀ tí kò ní ètò fún àsunsíwájú nígbà òjò kì í ṣe ọkọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fowó sílẹ̀ fún.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ọkọ̀ ń gbà

*Láti Falomo sí ojú Màrínà.* Odò tó ya Ìkòyí sọ́tọ̀ kúrò lára Victoria Island ni wọ́n ń pè ní Five Cowrie Creek. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé owó ẹyọ márùn-ún ni wọ́n ń san láti sọdá rẹ̀ láyé àtijọ́. Láti èbúté ìjọba tó wà ní Falomo, ọkọ̀ á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, á gba abẹ́ afárá Independence kọjá, á sì yọ sí ojú omi ńlá níbi tí Màrínà wà lápá ọ̀tún, tí Àpápá sì wà ní iwájú. Níbí, ẹ̀yìn kírénì èbúté Àpápá ni oòrùn ń wọ̀ sí. Àwọn kan máa ń rò pé kírénì yóò ba ìran náà jẹ́. Òun gan-an ló ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí àwọn irin gíga wọ̀nyẹn á dúdú kirikiri níwájú ọ̀run tó pọ́n. Ilé gogoro NECOM tó ga ní ìpele 32 á máa wò yín láti Màrínà. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ìlú, ọ̀nà yìí ni tirẹ̀.

*Sí ojú ọ̀sà, níwájú afárá gígùn.* Láti àwọn èbúté apá Ìkòyí àti Lẹ́kì, ọkọ̀ lè kọjú sí àríwá, sínú ọ̀sà gan-an. Ọ̀sà Èkó gùn ju àádọ́ta kìlómítà lọ, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun sì ń tú omi sínú rẹ̀, síbẹ̀ kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìdí nìyẹn tí atukọ̀ tó mọ ọ̀nà fi ṣe pàtàkì: iyanrìn wà lábẹ́ omi tí ojú kò rí. Ẹ ó rí afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí tí okùn irin gbé dúró, èyí tí wọ́n ṣí ní 2013, ẹ ó sì rí Third Mainland Bridge tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 11.8, tí wọ́n ṣí ní 1990. Ẹ̀yìn afárá yìí, lórí Yábàá àti Mákòókó, ni oòrùn ń wọ̀ sí. Omi ibẹ̀ tutù nínú, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà tàbí ọmọdé lọ́dọ̀, ọ̀nà yìí ni kẹ́ ẹ mú.

*Láti Tarkwa Bay bọ̀ wá sílé.* Omi nìkan ni ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé etíkun Tarkwa Bay. Ó fara pamọ́ sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó, àwọn ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló sì ń dá ìgbì dúró fún un. Ògiri òkúta yìí kan náà ló dá iyanrìn tó ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn dúró, tí òkun fi jẹ Bar Beach run díẹ̀díẹ̀, títí tí wọ́n fi wá ń kó iyanrìn lé e lórí kọ́ Eko Atlantic lónìí. Ẹ lè lo ọ̀sán lórí iyanrìn, kí ẹ wọ ọkọ̀ oúnjẹ ní bí aago mẹ́rin ààbọ̀, kí ẹ máa jẹun bọ̀. Àríwá ni ọkọ̀ ń kọjú sí bó bá ń pa dà, nítorí náà apá òsì ni oòrùn yóò wà: ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa, kó jókòó sí òsì. Ẹ mọ̀ pé ẹnu òkun nìyí o. Ìgbì ń bẹ níbẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ ẹrù ńlá bá kọjá.

Ọkọ̀ àti àwọn tó ń tù ú

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mímọ̀ tí ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ mú yín fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àjọ méjì tó ń bójú tó ìrìnnà orí omi lẹ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ wọn. NIWA ni ti ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 1997 ló gbé e kalẹ̀. LASWA ni ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ọdún 2008 ló sì bí i. Ọkọ̀ tó bá ń gbé èrò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Àwọn àjọ wọ̀nyí sì ti kéde léraléra pé ọkọ̀ èrò kò gbọdọ̀ máa rìn lóru, nítorí ọ̀pọ̀ jàǹbá orí omi wa, òkùnkùn, àpọ̀jù èrò àti àìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì ló ń fà á. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ni ọkọ̀ léèrè aago tí ó gbọ́dọ̀ ti gúnlẹ̀. Bí aago yẹn bá ṣáájú wíwọ̀ oòrùn, ẹ má bínú, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ́ ọ ṣe. Ẹ jẹun lórí omi, kí ẹ wá wo oòrùn láti orí èbúté. Oòrùn kan náà ni.

Bí ẹ bá dé èbúté, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀, ẹ fi ojú ara yín wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó iye èrò? Ṣé ti ọmọdé wà? Ti àgbà kò ṣeé lò fún ọmọdé, ńṣe ni ọmọ á yọ̀ kúrò nínú rẹ̀.
2. Ṣé ìdè rẹ̀ ń dè, àbí ó ti já? Ẹ dè é kí ẹ sì fà á wò.
3. Èèyàn mélòó ni ọkọ̀ yìí lè gbé? Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ ka orí.
4. Ṣé ẹ́ńjìnnì méjì ló ní? Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé yín dé ilé.
5. Níbo ni ohun ìpaná wà? Níbo ni àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ wà?
6. Ṣé wọ́n kọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní èbúté?
7. Ṣé ojú atukọ̀ mọ́ kedere? Atukọ̀ tó bá ti ń bá àlejò mu ọtí, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá jókòó tán, kí gbogbo yín wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ohun tí ó máa ń dun àwọn ológe ni pé yóò bo aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò bò ó. Ẹ ya fọ́tò tán kí ẹ tó wọkọ̀.

Owó àti ìbéèrè

N kò kọ iye owó síbí, nítorí iye epo bẹntiróòlù ló ń pinnu rẹ̀, epo kò sì dúró sójú kan. Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé oníbàárà rò pé owó tí òun san ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp: Ṣé owó èbúté wà nínú rẹ̀? Wákàtí mélòó, láti ìgbà wo ni wọ́n sì ti ń kà á, láti ìgbà tí a dé ni, àbí láti ìgbà tí ọkọ̀ gbéra? Ṣé a lè gbé oúnjẹ tiwa wá? Ṣé wọ́n ń gba owó lórí ìgò tí a bá gbé wá? Ta ló ń gbé orin wá? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀? Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ nínú owó náà di ọjọ́ ìgbafẹ́ bí wọ́n bá gbà. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ ọkọ̀ tó ń di okùn, tó ń na ọwọ́ sí ìyá àgbà kó lè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń retí ohun díẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Àkòrí àríyá àti aṣọ

Ní Cancún ní Mexico, wọ́n ń gbé àlejò jáde lórí ọkọ̀ tí wọ́n kàn bíi ti àwọn olè ojú òkun, àwọn òṣèré á máa fi idà jà lórí rẹ̀. Ní Waikiki, ijó hula ni wọ́n fi ń bá oúnjẹ rìn. Ní Dubai, ọkọ̀ onígi àwọn Lárúbáwá ni. Tiwa kò le: ní Èkó, aṣọ ni àkòrí. Ẹ sọ àwọ̀ kan, àríyá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ní òfin tirẹ̀ fún aṣọ.

*Aṣọ funfun* ló wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń hàn dáadáa nínú fọ́tò ìrọ̀lẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọbẹ̀ ata. Bí funfun bá ni àkòrí, kí ohunkóhun tó ní epo má wọ ọkọ̀.

*Àǹkárá* ni mo fẹ́ràn jù. Kì í tètè hàn bí nǹkan bá dà sí i, kì í ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́, èèyàn sì lè jókòó nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

*Alẹ́ Èkó àtijọ́* bá ọ̀nà Màrínà mu jù lọ: orin háílàìfù Bobby Benson àti Victor Ọláìyá, kí ó wá kan jùjú Sunny Adé àti Ebenezer Obey. Bí ẹ bá ń ṣe ọgọ́ta ọdún fún bàbá tàbí ìyá yín, ẹ má wulẹ̀ wá àkòrí mìíràn. Ṣíṣí sókèsódò ọkọ̀ kò jẹ́ kí ijó le. Orin tí àwọn àgbà lè jókòó mì orí sí ló yẹ ibẹ̀.

Àwọn aṣọ tó ń dá wàhálà sílẹ̀ mẹ́ta ni. Gèlè tó ga á di ìgbòkun bí ọkọ̀ bá sáré. Ẹ wé kékeré, tàbí kí ẹ lo ìborùn. Agbádá kò gbọdọ̀ bo láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀: òde ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì ń wà, nítorí náà agbádá á wà nínú àpò títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Bàtà gogoro ni ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ ọkọ̀ ń yọ̀, pákó èbúté sì ní àlàfo láàárín. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Oúnjẹ tó mọ orí omi

Oúnjẹ tó dára lórí tábìlì ilé lè di ìyà lórí ọkọ̀. Òfin mẹ́ta ni mo máa ń lò: kí ó gbẹ, kí ó ṣeé fọwọ́ kan mú, kí ó má ní egungun púpọ̀ tí a ó dà nù.

Ohun tó yẹ: mọ́ínmọ́ín ewé, sùyà, àsun, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, dòdò, ẹja yíyan tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú abọ́ onídèérí, ti oníkálukú lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè ẹja inú ọ̀sà fúnra rẹ̀: ẹpìyà tàbí ọ̀bọ̀kún. Kò bójú mu kéèyàn wà lórí ọ̀sà kó máa jẹ ẹja yìnyín. Ohun tí kò yẹ: ẹ̀bà àti ọbẹ̀, nítorí omi ìfọwọ́ àti àwo ọbẹ̀ yóò máa ṣí kiri, pẹ̀lú ìgò àti ife tó lè fọ́. Ẹ lo ife onírin tàbí oníke.

Ewu tí a kì í fura sí ni ooru. Ìrẹsì tí wọ́n sè ní ọ̀sán, tí wọ́n gbé sínú mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lẹ́kì, tí wọ́n sì ṣí ní ìrọ̀lẹ́, ti di ohun mìíràn. Oúnjẹ tí a sè kò gbọdọ̀ wà níta nínú ìlọ́wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tí ooru bá mú gidi, wákàtí kan ti tó. Kúlà tó ń pa ooru mọ́ ni kó gbé e, kó sì ṣì máa yọ èéfín nígbà tí wọ́n bá ṣí i.

Ìdọ̀tí yín, ẹ kó o pa dà. Ọ̀rá àti ìgò oníke tí a dà sínú ọ̀sà ló ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ tiyín lọ́la.

Bí ara bá ń yí

Lórí ọ̀sà, òòyì kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ èèyàn. Ní ẹnu òkun ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jókòó sí àárín ọkọ̀ sún mọ́ ẹ̀yìn, níbi tí kì í ti í fò púpọ̀. Ẹ wo òkèèrè, ẹ má wo fóònù. Ẹ jẹ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra, nítorí ikùn òfìfo náà ń fa èébì. Atalẹ̀ ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ nínú tíì tàbí kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn, ẹ bi apòògùn léèrè, kí ẹ sì lò ó kí ẹ tó wọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú oorun wá, wọn kì í sì bá ọtí rẹ́.

Fún àwọn tó ń kírun

Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ gan-an ni àkókò Màgàríbì wọlé. Bí Mùsùlùmí bá wà láàárín yín, kò yẹ kí ó jẹ́ orí omi ni wọn yóò ti máa wá ibi kírun. Bí ọkọ̀ bá tètè gúnlẹ̀, wọn á kí i lórí ilẹ̀. Nínú oṣù Ramadan, ìgbafẹ́ yìí lè di ìṣínu tó dára: ẹ mú dàbínù àti omi lọ́wọ́ láti fi ṣínu, kí oúnjẹ gidi wà ní èbúté. Ní oṣù yẹn nìkan ni mo gbà pé kí oúnjẹ kẹ́yìn oòrùn.

Ìwà lórí omi

Ọ̀sà kì í ṣe ti olówó tó ń gbafẹ́ nìkan. Àwọn apẹja ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n wọn kí àríyá wa tó dé. Ìgbì tí ọkọ̀ yín ń dá sílẹ̀ lè yí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n dànù. Ẹ sọ fún atukọ̀ pé kó dẹ ìrìn bí ó bá sún mọ́ wọn. Ní tòsí Mákòókó, ilé èèyàn ni ẹ ń kọjá lójúde rẹ̀; ẹ má na fóònù sínú ìyẹ̀wù wọn.

Ìkìlọ̀ tó ga jù nìyí: bí oòrùn bá ń wọ̀, tí ẹnì kan bá pariwo pé "Ẹ wò ó!", kí gbogbo yín má ṣe rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń dojú dé nìyẹn. Kí atukọ̀ yí ọkọ̀ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè rí i. Oníkálukú dúró sí àyè rẹ̀.

Ètò ọjọ́ kan: ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì

Oòrùn yóò wọ̀ ní bí aago 6:38. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú:

- 3:30: aago tí ẹ ó sọ fún àwọn àlejò. Ẹ kò ní sọ òtítọ́ fún wọn.
- 4:00: aago tí ẹ ń retí wọn ní tòótọ́. Fọ́tò, ìpápánu, orúkọ lórí ìwé.
- 4:20: láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ láti ẹnu atukọ̀.
- 4:30: ọkọ̀ gbéra. Ẹni tí kò bá tíì dé, kó pàdé yín ní èbúté nígbà ìpadàbọ̀.
- 5:00: oúnjẹ délẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rọra, orin rọra.
- 5:45: wọ́n ti palẹ̀ abọ́ mọ́.
- 6:05: ọkọ̀ dé ibi ìwòran. Kò gbọdọ̀ ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí èbúté.
- 6:15 sí 6:30: oòrùn. Ìgbà ọyẹ́ ni, ó lè má dúró di 6:38.
- 6:40: ẹ ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀.
- Lẹ́yìn náà: kéèkì, èso, ijó gidi, lórí èbúté tàbí nílé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá omi. Ẹ fi oògùn ẹ̀fọn para, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń dúró dè yín.

Bí ó bá jẹ́ oṣù Keje ni, ẹ ní bí ìdajì wákàtí sí i. Ẹ má ná an fún àwọn tó ń pẹ́. Ẹ ná an fún ara yín lórí omi.

Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: aago mélòó ni oúnjẹ yóò délẹ̀? Bí ó bá dá yín lóhùn pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.